Ife kọfí 25 lóòjọ́: kí ni àwọn olùwádìí sọ gan-an nípa kọfí àti iṣan ẹ̀jẹ̀?

Ìròyìn kan sọ pé kọfí kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan kan, kódà bí èèyàn ń mu ife 25 lóòjọ́. Òmíràn sọ pé kọfí tí ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń pò ń fi kún ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ka méjèèjì á bi ara rẹ̀ pé èwo ni kí òun gbà gbọ́ báyìí.

Ìwádìí gidi ló wà nídìí ìròyìn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ wá láti London lọ́dún 2019, èkejì wá láti Sweden lọ́dún 2025. Wọn ò takora tó bí wọ́n ti ń dún létí, torí pé ohun tí àwọn ará London wọ̀n yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ará Sweden wọ̀n. Ibi tí ìdààmú ti wọlé ni pé àwọn oníròyìn kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, "iṣan ẹ̀jẹ̀": bí iṣan ṣe ń le, bí ọ̀rá ṣe ń dí i, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru nínú rẹ̀. Kọfí ń ṣe ìwà ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Níbo ni ọ̀rọ̀ ife 25 ti wá?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Cardiovascular Society, ṣe ìpàdé wọn ní ìlú Manchester. Níbẹ̀ ni àwọn olùwádìí láti Queen Mary University of London ti gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀. Dókítà Kenneth Fung ló ṣáájú àwọn tó tú èsì náà palẹ̀. British Heart Foundation, àjọ aláàánú tó ń rí sí àrùn ọkàn, wà lára àwọn tó fowó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn.

Èèyàn 8,412 ni wọ́n yẹ̀ wò. Gbogbo wọn wà lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún UK Biobank, ètò ńlá kan tó gba orúkọ nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn sílẹ̀ láàárín ọdún 2006 sí 2010, láti ẹni ogójì ọdún títí dé ẹni ọdún 69. Wọ́n pín àwọn 8,412 náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí kì í mu tó ife kọfí kan lóòjọ́, ẹni tó ń mu ọ̀kan sí mẹ́ta, àti ẹni tó ń mu ju mẹ́ta lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọkàn wọn àti iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan há ìka wọn láti mọ bí ìgbì ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó. Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ lọ́nà tí ọjọ́ orí, sìgá, ọtí, ìwúwo ara, oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò fi ní da èsì rú. Ohun tí wọ́n rí ni pé iṣan àwọn tó ń mu ju ife mẹ́ta lọ kò le ju ti àwọn tí kì í mu tó ọ̀kan.

Níbo wá ni 25 ti wọlé? Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, wọ́n yọ àwọn tó ti ní àrùn ọkàn kúrò, wọ́n sì yọ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń mu ju ife 25 lọ lóòjọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń mu tó 25 lè wà nínú àwọn tó kù, àmọ́ ìwọ̀nba ni irú wọn. Nínú ìsọ̀rí àwọn tó ń mu jù, ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n ń mu jẹ́ ife márùn-ún lóòjọ́. Ife márùn-ún ni ìwádìí náà lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí dé ìwọ̀n kan. Ohun tí àwọn oníròyìn rí mú ni 25, torí òun ló ń ya èèyàn lẹ́nu.

Àwọn olùwádìí fúnra wọn ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ máa mu ife 25. Dókítà Fung sọ nígbà náà pé àwọn fẹ́ túbọ̀ wo àwọn tó ń mu púpọ̀ fínní, kí àwọn lè mọ ibi tí ààlà wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Metin Avkiran, tó sọ̀rọ̀ lórúkọ British Heart Foundation, sọ pé iṣẹ́ náà mú ọ̀kan kúrò nínú àwọn aburú tí wọ́n fura pé kọfí lè ṣe fún iṣan. Ọ̀kan ló wí. Kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ó tún yẹ ká rántí pé ibi ìpàdé ni wọ́n ti ka iṣẹ́ náà, lásìkò yẹn, àwọn onímọ̀ mìíràn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n tó tẹ irú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní líle iṣan ẹ̀jẹ̀?

Ẹ wo rọ́bà tí à ń fi fa omi. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ó ń tẹ̀, bí omi bá sì rọ́ wọ inú rẹ̀ lójijì, ó máa ń fẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sípò. Ẹ jẹ́ kó wà nínú oòrùn fún ọdún mélòó kan, á gan. Bí omi bá rọ́ wọ inú rẹ̀ nígbà náà, kò ní lè fẹ̀ mọ́, gbogbo agbára omi náà á wá lọ dà lé ibi tó jìnnà àti ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Báyìí ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ṣe rí. Bí ọkàn bá lù, iṣan ńlá yìí á fẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, á tún sún kì láti tì í síwájú. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí sìgá sì dá kún un, okun tó ń mú un fẹ̀ á máa ṣá. Ọkàn á wá máa ṣe làálàá ju bó ti yẹ lọ, ìgbì ẹ̀jẹ̀ á sì máa fi agbára lu àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ àti kíndìnrín. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tí iṣan rẹ̀ bá le wà nínú ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ.

Àmọ́ rọ́bà tún lè bàjẹ́ lọ́nà kejì. Ó lè má gan rárá, kí ẹrẹ̀ sì máa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ títí omi ò fi ní rí ọ̀nà kọjá. Ọ̀rá tó ń kóra jọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ń ṣe irú èyí. Ìwádìí London ò wo ẹrẹ̀ inú rọ́bà. Bí rọ́bà ṣe gan tó nìkan ló wò.

Ṣé ìwádìí tó wá ṣáájú ò sọ ohun mìíràn ni?

Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní Athens, olú ìlú Greece, àwọn olùwádìí tẹ èsì kan jáde lọ́dún 2005 lórí èèyàn 228 tí ara wọn le. Àwọn wọ̀nyí rí i pé bí kọfí tí èèyàn ń mu lójoojúmọ́ bá ṣe pọ̀ sí i ni iṣan ńlá rẹ̀ ń le sí i. Iṣẹ́ yìí àti irú rẹ̀ ló fi ìbẹ̀rù sínú ọ̀pọ̀ dókítà, òun náà ló sì mú kí àwọn ará London fẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà lára èèyàn tó pọ̀ gan-an.

Ní 2013, ìwádìí mìíràn tún jáde ní Greece yìí kan náà. Erékùṣù Ikaria ni wọ́n lọ, níbi táwọn èèyàn ti máa ń pẹ́ láyé ju ibòmíràn lọ. Àgbàlagbà 142 tó ti lé ní ọdún 65 ni wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn tó ń mu kọfí àwọn Gíríìkì, èyí tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò kékeré, ni awọ inú iṣan wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ṣe é, èsì méjì ló jáde.

Àwọn mìíràn wo ẹrẹ̀ inú rọ́bà. Ní Seoul, ní Kòríà, ilé ìwòsàn Kangbuk Samsung fi ẹ̀rọ CT wo èèyàn 25,138 tí kò ní àrùn ọkàn, láti mọ bí èròjà kálíṣíọ̀mù ṣe lẹ̀ mọ́ iṣan tó ń bọ́ ọkàn wọn, èyí tó máa ń jẹ́ àmì pé iṣan ti fẹ́ máa dí. Àwọn tó ń mu ife mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́ ló ní èyí tó kéré jù. Ọdún 2015 lèyí. Ní São Paulo, ní Brazil, iṣẹ́ tó jáde ní 2018 lórí èèyàn 4,426 rí ohun tó jọ ọ́, pàápàá lára àwọn tí kò fa sìgá rí. Ìwádìí MESA ní Amẹ́ríkà, tó wo èèyàn 6,508, ò rí ìyàtọ̀ kankan tí kọfí mú wá, yálà fún rere tàbí fún búburú.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rí tó ní kọfí ń mú iṣan le tàbí ń dí i ti rọ̀ ju bó ti wà ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ìdí nìyí táwọn onímọ̀ ọkàn ò fi fi bẹ́ẹ̀ ní kí àwọn èèyàn yẹra fún un mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò rọ̀ rárá, òun sì ni ọ̀rọ̀ asẹ́.

Kí ni asẹ́ ń mú kúrò nínú kọfí?

Ní Norway, ní ọdún 1983, àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Tromsø, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá ayé, tẹ ohun kan jáde tó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu. Bí ife kọfí tí èèyàn ń mu ṣe ń pọ̀ sí i ni cholesterol, irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ń ga sí i lára rẹ̀. Àwọn olùwádìí láwọn ilẹ̀ mìíràn gbìyànjú láti rí ohun kan náà, ọ̀pọ̀ wọn ò rí i. Kí ló fà á?

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń pò ó ni. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ará Norway àti Finland máa ń da kọfí lílọ̀ sínú omi, wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ́ kó sílẹ̀, wọ́n á sì rọra da omi orí rẹ̀ sínú ife. Wọn kì í sẹ́ ẹ. Láwọn ilẹ̀ mìíràn, bébà ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Obìnrin ará Jámánì kan ní ìlú Dresden, Melitta Bentz, ló bẹ̀rẹ̀ bébà yìí lọ́dún 1908. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti ìkorò inú kọfí ló sú u, ló bá fa bébà tí wọ́n fi ń gbẹ yíǹkì yọ nínú ìwé iléèwé ọmọ rẹ̀, ó dá ihò sí ìsàlẹ̀ agolo kan, ó sì fi sẹ́ kọfí. Adùn ló ń wá. Kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé bébà náà ń mú nǹkan mìíràn tí ojú ò rí.

Àwọn ọmọ Netherlands ló wá tú àdììtú náà. Lọ́dún 1990 àti láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, Martijn Katan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú epo tó léfòó sórí kọfí sísè ni ohun tó ń fa cholesterol sókè wà. Èròjà méjì ló wà nínú epo náà, cafestol àti kahweol. Cafestol ló lágbára jù. Bébà máa ń fa epo yìí mu. Irin àti àwọ̀n ò lè mú un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ̀dọ̀ máa ń fi cholesterol ṣe òróòro, òróòro yìí ló sì ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Bí cafestol bá dé ẹ̀dọ̀, á mú kó dín òróòro tó ń ṣe kù. Cholesterol tí ẹ̀dọ̀ ìbá lò á wá kù nílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ò sì ní fa púpọ̀ mọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀. Irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní LDL, tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan, á wá máa pọ̀ sí i. Níbi yìí, kì í ṣe pé àwọn olùwádìí kàn wo àwọn tó ń mu kọfí lókèèrè. Wọ́n fún àwọn kan ní epo náà mu, wọ́n sì rí i tí cholesterol wọn gòkè.

Lọ́dún 2020, àwọn ará Norway tún tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde, lórí èèyàn 508,747 tí wọ́n tọ lẹ́sẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ikú láàárín àwọn tó ń mu kọfí tí wọ́n fi bébà sẹ́ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í mu kọfí rárá. Ti àwọn tí kì í sẹ́ ẹ fi ìdá mẹ́rin péré kéré. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè tí wọ́n ń mu èyí tí a kò sẹ́, ikú àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ sí i.

Kí ni ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe wá bá ọ̀rọ̀ náà?

Ibí yìí ni ìròyìn ti Sweden ti wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Uppsala àti Chalmers tẹ èsì jáde lórí ẹ̀rọ kọfí 14 tó wà láwọn ibi iṣẹ́. Wọ́n bu kọfí láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọn cafestol inú rẹ̀. Nínú kọfí tí wọ́n sè láìsẹ́, ó tó mílígíráàmù 939 nínú lítà kan. Nínú èyí tí wọ́n fi bébà sẹ́, kò ju nǹkan bí 12 lọ. Èyí tó ti inú ẹ̀rọ tó ń lọ kọfí tó sì ń pò ó lójú ẹsẹ̀ jáde wà ní 176. Asẹ́ irin ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò. Èyí tó ń fi omi kọfí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ lú omi gbígbóná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní cafestol nínú.

Wọ́n ṣírò pé bí ẹni tó ń mu ife mẹ́ta láti inú ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ bá yí padà sí èyí tí wọ́n fi bébà sẹ́, LDL rẹ̀ lè wálẹ̀ ní 0.58 mmol/L, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ìṣirò lèyí o. Wọn ò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣáájú kó yí padà àti lẹ́yìn tó yí padà. Cafestol tí wọ́n bá nínú ife náà ni wọ́n wọ̀n lóòótọ́.

Nítorí náà, àwọn ará London lè jàre, kí àwọn ará Sweden náà sì jàre. Iṣan lè má le, kí cholesterol sì máa gòkè.

Kọfí tí èmi ń mu ńkọ́?

Kọfí inú agolo àti inú sáṣẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń yọ́ sínú omi gbígbóná, ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tó wà ní Nàìjíríà. Cafestol inú rẹ̀ kò tó nǹkan, torí epo náà kì í tẹ̀ lé e kọjá nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Èyí tí wọ́n ń fi nǹkan tẹ̀ nínú ìgò, tí wọ́n ń pè ní French press, ní epo náà dáadáa. Kọfí àwọn Tọ́ọ̀kì àti ti àwọn Gíríìkì náà ní i. Espresso wà láàárín. Ìwádìí kan tí wọ́n tún ṣe ní Tromsø, tó jáde ní 2022, fi hàn pé cholesterol àwọn tó ń mu ife espresso mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́ ga ju ti àwọn tí kì í mu ún.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń mu kọfí inú sáṣẹ́ẹ̀tì fojú sí ni ṣúgà àti ọ̀rá tí wọ́n ti lú mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2025, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tufts, ní Amẹ́ríkà, wo àkọsílẹ̀ àgbàlagbà 46,332. Ikú láàárín àwọn tó ń mu kọfí dúdú tàbí èyí tí ṣúgà àti ọ̀rá rẹ̀ kéré fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kì í mu ún. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń bu ṣúgà àti ọ̀rá sí i bámúbámú, wọn ò rí ìyàtọ̀ yẹn mọ́.

Ẹni tí BP rẹ̀ ga ńkọ́?

Èyí ni apá kẹta, òun ló sì kan ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá jù, nílé àti lẹ́yìn odi. Káfíìnì ló ń ṣiṣẹ́ níbí, kì í ṣe epo. Èròjà kan wà nínú ara tó máa ń mú iṣan dẹ̀, adenosine lorúkọ rẹ̀. Káfíìnì á lọ jókòó síbi tó yẹ kí adenosine jókòó sí, iṣan á fún pọ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ru.

Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2011, lórí àwọn tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, fi hàn pé mílígíráàmù 200 sí 300 káfíìnì ń gbé nọ́ńbà òkè BP sókè ní nǹkan bí 8, ó sì ń gbé ti ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 6. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́ta kó tó rọlẹ̀. Àmọ́ àkójọ yìí kan náà kò rí i pé BP àwọn tó ń mu ún déédéé ga títí, torí ara máa ń mọ́ ọn lára.

Ibi tí àríyànjiyàn ti le ni ọ̀rọ̀ ẹni tí BP rẹ̀ ga gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn olùwádìí ní Japan sọ ohun tí wọ́n rí lára èèyàn 18,609. Àwọn tí BP wọn tó 160/100 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ń mu ife kọfí méjì tàbí jù lóòjọ́, wà nínú ewu ikú àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po méjì àwọn tí kì í mu ún. Lára àwọn tí BP wọn ò ga tó bẹ́ẹ̀, wọn ò rí ewu náà. Tíì aláwọ̀ ewé, tí òun náà ní káfíìnì, kò mú ewu náà wá ní ìsọ̀rí kankan.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún wa. Àwọn tí BP wọn ti kọjá 160 láìmọ̀ pọ̀ nínú àwùjọ wa, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké kó tó bu èèyàn jẹ. Ẹni tí kò bá tíì yẹ BP rẹ̀ wò kò lè mọ ìsọ̀rí tí òun wà nínú gbogbo ohun tí ìwádìí Japan sọ.

Kí ló dé tí wọn ò fi lè fẹnu kò?

Ìdí kan ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí kàn ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé ìgbésí ayé wọn ni. Bí nǹkan méjì bá ń rìn pọ̀, ìyẹn ò ní kí ọ̀kan jẹ́ òbí èkejì. Nínú ìwádìí London, àwọn tó ń mu kọfí jù ló sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n ń fa sìgá, tí wọ́n sì ń mu ọtí déédéé. Ìṣirò lè dín ipa sìgá àti ọtí kù, kò lè fọ̀ ọ́ dànù tán. Ó tún lè jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ti jáwọ́ nínú kọfí fúnra rẹ̀, kó wá dà bíi pé àìmu kọfí ló ń mú kéèyàn ṣàìsàn.

Ìdí kejì ni àbùdá tí a jogún lọ́wọ́ òbí wa. Jíìnì kan, CYP1A2, ló ń pinnu bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń tètè fọ́ káfíìnì. Iṣẹ́ kan láti Costa Rica, tó jáde ní 2006, sọ pé lára àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ń lọ́ra níbi èyí, ife mẹ́rin lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń bá ewu ìkọlù ọkàn (heart attack) rìn. Ní 2018, iṣẹ́ ńlá kan láti inú UK Biobank wo ọ̀rọ̀ ikú lápapọ̀, kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tètè fọ́ ọ àti ẹni tó ń lọ́ra. Àwọn méjèèjì ṣì ní alátìlẹ́yìn láàárín àwọn onímọ̀.

Àwọn kan tún ní káfíìnì kọ́ ni ká máa wò. Lọ́dún 2022, àwọn olùwádìí Baker Heart and Diabetes Institute ní Melbourne, ní Ọsirélíà, wo àkọsílẹ̀ èèyàn 449,563. Ikú dín láàárín àwọn tó ń mu ife méjì sí mẹ́ta, yálà kọfí lílọ̀, èyí tó ń yọ́ nínú omi, tàbí èyí tí wọ́n ti yọ káfíìnì kúrò nínú rẹ̀. Bí èyí tí kò ní káfíìnì bá ń ṣe irú àǹfààní kan náà, àwọn èròjà mìíràn inú kọfí ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́, bí àwọn ásíìdì tí wọ́n ń pè ní chlorogenic.

Ohun kan tún wà tí àwọn ìròyìn kì í mẹ́nu bà, tó sì yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London àti Manchester mọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú UK Biobank, àwọn aláwọ̀ funfun lé ní ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn aláwọ̀ dúdú ò tó méjì. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, àwọn tó jẹ́ ìpè ò tó mẹ́fà, ara àwọn tó sì jẹ́ ìpè náà le ju ti ará ìlú yòókù lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà, ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Èsì tó bá ti inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ jáde kò parọ́, àmọ́ ara àwọn tó yàtọ̀ sí wa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́.

Ife mélòó ni wọ́n wá ní kò léwu?

Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Europe, EFSA, sọ ní 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè mu tó mílígíráàmù 400 káfíìnì lóòjọ́, kó má sì ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ ju 200 lọ ní gbogbo ọjọ́. NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò pé ife ńlá kọfí tó ń yọ́ nínú omi ní nǹkan bí 100, ife ńlá èyí tí wọ́n fi bébà sẹ́ ní nǹkan bí 140. Bí ife kan bá jẹ́ 100, ife 25 á jẹ́ 2,500, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́fà ohun tí EFSA gbà lọ.

Kọfí nìkan kọ́ ló ń kó káfíìnì wọlé. Tíì ní i, àwọn ohun mímu inú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu kí oorun má gbé wọn lọ ní i, obì náà sì ní i, àti àbàtà àti gbànja. Obì àti kọfí tilẹ̀ wà lára irè oko tí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìbàdàn, CRIN, ń bójú tó. Bàbá tó jẹ awẹ́ obì méjì láàárọ̀, tó sì fi ife kọfí kan tẹ̀ ẹ́, ti kó káfíìnì jọ láti ibi méjì.

Ìdí sì nìyí tí àwọn onímọ̀ ọkàn fi ní kéèyàn má mu kọfí láàárín ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ṣáájú kí wọ́n tó wọn BP rẹ̀, nílé ìwòsàn tàbí nílé. Ó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fi ẹ̀yìn ti àga, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde nígbà náà ni dókítà lè fi mọ̀ bóyá ó wà lókè 160 tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀.